A Ti Gba Ife Náà Tán

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè jọ ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn tilẹ̀ lè béèrè pé kí ni ó pa ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù. A kò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n kí ó bá wa rìn láti Ìjerò dé Àrámọ̀kọ, kí ó tún bá wa gun òkè dé Ẹ̀fọ̀n, ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà bá ń gbá eré pàtàkì. Kí ó ka iye ọ̀dọ́ tí ó wà ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, kí ó sì ka iye tí ó wà lórí ìlà ìrun Ishai. Nígbà náà ni yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Ìbéèrè wa nìyí: ẹni tí ó bá fi ìdánilójú sọ pé ẹgbẹ́ báyìí ni yóò gba ife, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ ó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè?

A kò fi ìbéèrè yìí ṣeré. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàrin wa ní Ìjerò tí ó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ìtàn òun, ó kàn bẹ̀ wá pé kí a má dárúkọ òun. Ní ọdún 2024, nígbà tí ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà parí ní Ivory Coast ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kejì, ó ku bí oṣù kan kí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà ti ń gbé aṣọ ọdún wá, nítorí ẹni tí ó bá mọ ìṣe àwọn télọ̀ kì í dúró di inú ààwẹ̀. Owó tí wọ́n fi sílẹ̀ fún láínìn, òwú àti bọ́tìnnì wà lọ́wọ́ ọmọ yìí, nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ fọkàn tán an. Ó kó owó náà, ó di ilé tẹ́tẹ́, ó fi ta á pé Nàìjíríà ni yóò borí.

Ẹ̀yin tí ẹ wo eré náà kò nílò kí a sọ ìyókù. William Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé fún wa kí a tó lọ fún ìsinmi. Lẹ́yìn ìsinmi, Franck Kessié dá a padà. Nígbà tí ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Sébastien Haller na ẹsẹ̀ kan síwájú, bọ́ọ̀lù wọlé, ó di 2 sí 1. Ivory Coast gba ife. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, oníkálukú wá bàtà rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó náà tú, a pè é, a bi í pé kí ni ó rò tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bùrọ̀dá, wọ́n ti sọ ọ́ ní tẹlifíṣọ̀n." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó tún ní, "Ẹ̀yin náà sọ ọ́."

Òótọ́ ni, a sọ ọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí ó ṣáájú ọjọ́ náà, a dúró lẹ́bàá ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá, a ń tú eré náà palẹ̀ bí ẹni pé àwa ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. A ní góòlù 2 péré ni Nàìjíríà jẹ nínú eré 6. A ní a ti na Ivory Coast yìí kan náà ní 1 sí 0 ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní, ní ilé wọn. A ní Equatorial Guinea fi góòlù 4 sí 0 na wọ́n lẹ́yìn ìyẹn, débi pé wọ́n lé Jean-Louis Gasset tí ó ń kọ́ wọn, tí ó sì jẹ́ pé bí Morocco kò bá na Zambia ni, ilé ni wọn ì bá ti jókòó máa wo ìdíje tí àwọn fúnra wọn gbà lálejò. Gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́ òtítọ́. Láti orí òtítọ́ wọ̀nyí ni a ti fò lọ sí ibi tí kì í ṣe òtítọ́, a ní: "A ti gba ife náà tán."

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti àwọn atúpalẹ̀ eré, àwọn tí wọ́n ń wọ kóòtù jókòó lórí tẹlifíṣọ̀n kí eré tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ó bá parí. Àwọn kan nínú àwọn ará wa sọ pé aríran lásán ni wọ́n, pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ń wo ọjọ́ iwájú fún ènìyàn, àti pé ohun tí ó pamọ́, Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. A rò pé ẹ̀sùn náà ti le jù. Àgbẹ̀ Ẹ̀fọ̀n tí ó bá rí i tí òjò ṣú bo orí òkè yóò sọ pé òjò ń bọ̀. Kò bá Ọlọ́hun pín ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ojú rẹ̀ ti rí òjò púpọ̀ ni. Bákan náà ni ẹni tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ogún ọdún lè wo ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kan kí ó mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àgbẹ̀ náà ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti sọ̀rọ̀ tán. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sáré kó kòkó tí ó sá kúrò nílẹ̀. Bí òjò kò bá rọ̀ mọ́, kòkó tirẹ̀ ni kò gbẹ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá sì ní òjò kò ní rọ̀, tí òjò wá rọ̀, kòkó tirẹ̀ ni yóò bu. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹrù lẹ́yìn, orí tirẹ̀ ni ẹrù náà sì wà.

Kí ni ó wà lórí atúpalẹ̀ eré? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, Aston Villa na Manchester United ní 3 sí 1. Alan Hansen, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n BBC pé kò sí ife tí ènìyàn lè fi ọmọdé gbà. Kí sáà náà tó parí ní 1996, àwọn ọmọdé yìí ti gba líìgì, wọ́n sì ti gba ife FA mọ́ ọn. Hansen kò san kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀fẹ̀, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń jókòó lórí àga yẹn títí di 2014. Pelé, tí gbogbo ayé gbà pé ó mọ bọ́ọ̀lù ju ẹni tí ń mọ̀ ọ́n lọ, sọ pé orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan yóò gba Ife Àgbáyé kí ọdún 2000 tó dé. Inú wa dùn sí i nígbà náà. Àwọn tí ó ti dàgbà láàrin wa rántí ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1994, nígbà tí a ń fi 1 sí 0 na Italy, tí ó fẹ́ dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Pelé ń ṣẹ, kí Roberto Baggio tó gbá tirẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú 88, kí ó tún fi pẹ̀nárítì parí ọ̀rọ̀ náà nínú àsìkò àfikún. Ọdún 2022 ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó kọ́kọ́ dé ìpele àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn, Morocco sì ni. Pelé kò purọ́. Ìrètí ni ó ní, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tí ó ní ìmọ̀ ni.

Ẹnìkan ṣoṣo ni a mọ̀ nínú wọn tí ó san nǹkan. Gary Lineker ní bí Leicester bá gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ ìnú nìkan ni òun yóò wọ̀ ṣe ètò òun. Ọ̀kan sí 5,000 ni àwọn onítẹ́tẹ́ fún Leicester nígbà tí sáà náà bẹ̀rẹ̀. Leicester gbà á ní 2016, Lineker sì mú ìlérí ṣẹ ní oṣù kẹjọ ọdún náà. A yìn ín fún ìmúṣẹ ìlérí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rọ ẹnikẹ́ni láti wò ó.

Ìtàn kan wà tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ó sì ti pẹ́ ju bọ́ọ̀lù lọ. Nígbà tí Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣì wà ní Mẹ́kà, ogun Páṣíà ṣẹ́gun Róòmù, wọ́n sì gba Jerúsálẹ́mù ní ọdún 614. Ogun ọ̀nà jíjìn ni, kò sí ará Mẹ́kà kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ìlú pín sí méjì lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ìlú wa ṣe ń pín lórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òkè òkun: àwọn abọ̀rìṣà wà lẹ́yìn Páṣíà, àwọn Mùsùlùmí sì fẹ́ ti Róòmù nítorí pé àwọn náà ní Ìwé. Súrátù Rúùmù sọ̀ kalẹ̀, ó sọ pé Róòmù yóò borí láàrin ọdún díẹ̀. Àwọn onítàn ròyìn pé Abúbákàrì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, bá àwọn aláìgbàgbọ́ fi ràkúnmí jiyàn lórí rẹ̀. Wọn kò tíì fi òfin de tẹ́tẹ́ nígbà náà. Ó dá iye ọdún, ọdún tí ó dá sì kéré jù. Ànábì ni ó ní kí ó fi kún un.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lórí ìṣípayá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun nìyẹn, síbẹ̀ díẹ̀ ni ó kù kí ó kọsẹ̀ lórí ohun tí ó fi kún un láti inú ara rẹ̀. Ràkúnmí tirẹ̀ ni ó sì fi lélẹ̀, kì í ṣe ti oníbàárà. Àwa tí a dúró lẹ́bàá ibi àlùwàlá, ìṣípayá wo ni ó sọ̀ fún wa? Ràkúnmí ta ni a fi lélẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ pé a ní kí ènìyàn má retí. Ẹni tí ó ń retí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àwọn ará Ivory Coast tí wọ́n tún padà lọ sí pápá lẹ́yìn góòlù 4 yẹn kò ní àmì kankan tí wọ́n lè tọ́ka sí. Wọ́n kàn lọ ni. Haller tí ó gbá góòlù ìkẹyìn wọlé, àrùn jẹjẹrẹ ni wọ́n bá lára rẹ̀ ní 2022. Ta ni ì bá fi òun ta tẹ́tẹ́? Ìrètí kì í béèrè ẹ̀rí kí ó tó dìde, kò sì sọ pé òun mọ̀. Ìdí nìyí tí "bí Ọlọ́hun bá fẹ́" fi bá ẹnu ẹni tí ń retí mu, tí ó sì ń dún bí irọ́ lẹ́nu ẹni tí ó ti dá a lójú. A tilẹ̀ gbọ́ pé àwọn kan ń wí i lórí tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́. Bóyá wọ́n rò pé Ọlọ́hun ń bá wọn dá sí i ni.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún kan náà, nígbà tí a ń bá South Africa gbá, Victor Osimhen gbá bọ́ọ̀lù wọlé, a rò pé ó ti di 2 sí 0, a ti ń dì mọ́ra. Ẹ̀rọ VAR dá eré padà, wọ́n pa góòlù náà rẹ́, wọ́n fún South Africa ní pẹ̀nárítì, ó di 1 sí 1. Pẹ̀nárítì ni a fi jáde. Àwọn oníròyìn sọ pé àwọn ènìyàn kan kú níbi tí wọ́n ti ń wo eré náà. Ìdánilójú tí a já gbà lójijì lè pa ènìyàn. Bí a bá ti rí èyí ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, kí ni a tún ń dá lójú ní ọjọ́ Jímọ̀?

Ohun tí ó dùn wá jù kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n rárá. Bí Nàìjíríà bá borí, "a nà wọ́n" ni ẹ ó gbọ́ ní gbogbo Ìjerò. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, "wọn kò mọ bọ́ọ̀lù gbá" ni. Láti "a" sí "wọn", kò gbà ju òru kan lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, a wí pé "a ti gbà á", ọmọ télọ̀ yìí sì wà nínú "a" náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, kò sí "a" mọ́. "Ó kó owó oníbàárà." "Ó ta tẹ́tẹ́." "Ó dójú ti ẹgbẹ́." Òun nìkan ni ó kù sínú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa jọ sọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ tẹ́tẹ́, tirẹ̀ ni, owó àjòjì tí ó fi ṣe é sì burú ju tẹ́tẹ́ náà lọ. A sọ èyí fún un lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó náà, a kò fohùn ṣọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa ní bí a bá san án, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn fún un nìyẹn. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe òun ni a ń san án fún, àwọn oníbàárà tí aṣọ ọdún wọn wà nílẹ̀ ni. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin bi wá pé, "Èló ni ẹ̀yin rò pé ọ̀rọ̀ tiyín tó?" Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Níkẹyìn a dá ìdajì jọ láàrin àwa tí a wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, òun sì fi ìránṣọ òru san ìdajì yòókù, títí ààwẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ó ṣì ń wo bọ́ọ̀lù, a kò sì dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ya ṣọ́ọ̀bù wọn lónìí, tí inú rẹ̀ dùn, tí ó ní "A ti gba èyí tán," ọmọ náà yóò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò gbójú sókè, yóò ní, "Bùrọ̀dá, ẹ̀yin àti ta ni?"