Ẹ̀GÀ ERÉKÙṢÙ RODRIGUES
(Ẹ ka Lúkù 12: 6, 7)

Ní ibi kíkà yìí Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹyẹ márùn-ún tí owó wọn kò tó nǹkan, Ó sì fi yé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀ pé Bàbá kò gbàgbé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Àwa a máa kà á bí ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ẹ jẹ́ kí a kà á lónìí bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú.

Erékùṣù kékeré kan wà nínú Òkun Íńdíà tí a ń pè ní Rodrigues, nǹkan bí 600 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Mauritius. Ẹyẹ kan ń gbé ibẹ̀ tí kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé, ìbátan ẹ̀gà tí a mọ̀ lórí ọ̀pẹ. Ara akọ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ojú rẹ̀ sì dàbí ọsàn tí ó pọ́n.

Ènìyàn gé igbó erékùṣù náà. Ẹran ọ̀sìn jẹ èyí tí ó ń hù. Èkúté tí ọkọ̀ òkun gbé wá kò sì jẹ́ kí ẹyẹ sinmi. Nígbà tí ìjì bá jà, kò sí ibi ìsádi mọ́. Ní ọdún 1968, takọtabo 5 tàbí 6 péré ni ó kù. Ní erékùṣù yìí kan náà ni ẹyẹ ńlá tí a ń pè ní Solitaire ti run pátápátá ní ọ̀rúndún 18. Kì í ṣe pé Bàbá gbàgbé rẹ̀. Ènìyàn ni kò ka iṣẹ́ ìríjú sí.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: a tún gbin igi. Bí igi ti ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gà ń pọ̀ sí i, títí ó fi di pé ní ọdún 1999 wọ́n ju 900 lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìjọ kékeré mélòó ni a ti sọ pé ó ti tán, nítorí pé ọmọ mẹ́fà péré ni ó jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi? Kò tí ì tán. Ṣùgbọ́n a kì í gbàdúrà kí ẹyẹ padà, kí a sì tún máa gé igi tí yóò bà lé. Ìjà àwọn àgbà ìjọ ni àáké tí ń gé igbó àwọn ọmọdé. Ẹ sọ àáké náà kalẹ̀. Ẹ bẹ àwọn ọmọ wò nílé wọn. Ẹ kọ́ wọn ní ìwé. Ẹ parí ìjà kí Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé. Èyí ni igi gbígbin tiwa.

Kí Ọlọ́run, tí kò gbàgbé ẹyẹ, má ṣe jẹ́ kí àwa gbàgbé àwọn tí Ó fi sí ọwọ́ wa, nípa Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.