Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Fi Irọ́ Wá Òtítọ́?



Bí ọmọ wa kan bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò ní kí ó lọ ṣe ìwádìí. Yóò mú ìwé ìbéèrè wá sí Ìrẹsà, yóò máa bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí ó wà nínú ọkàn wọn. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó parọ́ fún wọn kí iṣẹ́ rẹ̀ lè yọrí?

Ìwádìí méjì wáyé ní ọdún 1961. Èkíní wà ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀. Dókítà Adéoyè Lambo ti ilé-ìwòsàn Arò àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà fẹ́ mọ bí àìsàn ọpọlọ ti pọ̀ tó láàrin Yorùbá. Wọn kò gbára lé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Wọ́n wádìí ohun tí àwa fúnra wa ń pe irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n nìyẹn, nítorí ìbéèrè tí kò yé ẹni tí a bi, èsì rẹ̀ kò ṣeé gbára lé.

Èkejì wà ní Yunifásítì Yale. Stanley Milgram sọ fún àwọn ọkùnrin kan pé bí akẹ́kọ̀ọ́ inú yàrá kejì bá ṣi ìdáhùn, kí wọ́n fi iná mànàmáná jẹ ẹ́ níyà. Irọ́ ni, kò sí iná kankan. Síbẹ̀, nínú 40 àkọ́kọ́, 26 ló ṣe é dé òpin, nítorí pé ọ̀gá kan ń sọ pé kí wọ́n máa bá a lọ. Wọ́n ń làágùn, wọ́n ń gbọ̀n.

Àwọn kan ní irọ́ náà kò burú, nítorí pé a rí ẹ̀kọ́ kọ́, wọ́n sì sọ òtítọ́ fún wọn nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀kọ́ náà? Òun ni pé ẹ̀dá kì í sábà lè kọ̀ fún ẹni tí ó kà sí ọ̀gá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo “bẹ́ẹ̀ ni” ni ìyọ̀ǹda. Bí Baálẹ̀ bá ti gbà, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì dé pẹ̀lú ìwé tí a lu òǹtẹ̀, ìyá arúgbó wo ni yóò ní òun kò dáhùn? Àṣẹ Baálẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn ìlú. Kò lè ṣílẹ̀kùn ọkàn ẹlòmíràn.

Ẹnìkan lè ní: “Bí mo bá sọ gbogbo ohun tí mò ń wá, ohun tí yóò dùn mọ́ mi ni wọn yóò máa sọ.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n a lè sọ pé, “Ohun kan wà tí n kò ní sọ títí a ó fi parí, ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?” Dídákẹ́ tí ẹni náà mọ̀, tí ó sì gbà, kì í ṣe ẹ̀tàn.

Súrátùl Hujuráàtì pàṣẹ ní áyà 6 pé kí a wádìí ìròyìn. Ní áyà 12, ó kọ̀ fún wa láti máa tọ àṣírí ara wa. Méjèèjì ló yẹ kí á dì mú. Ẹ sọ ìdí iṣẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀ pé òun lè kọ̀, tàbí kí òun dúró láàrin ọ̀nà, láìsí ìbínú. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìtàn ní ọjà. Bí èsì yín bá tilẹ̀ kéré, ẹ kò ní fi àmáánà ẹnikẹ́ni ra ìwé-ẹ̀rí.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní. Àmín.