Orí Méjì Nílé Àjàlá

Ìyá kan tó ń ta ẹyin ní Ẹgbẹ́dá ló bi mí: "Bàbá Awo, UI ni kí ọmọ mi lọ ni, àbí Lead City?" Kí n tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, odù Ògúndá Méjì ti wọlé sí mi lọ́kàn.

Nínú odù náà, Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ò bá a nílé. Wọ́n mú èyí tó dán lójú wọn. Wọn ò mọ̀ pé kò jinná, òjò ọ̀nà sì jẹ orí náà tán. Afùwàpẹ́ ti rúbọ ní tirẹ̀, iyọ̀ àti owó ló sì kù sí i lọ́wọ́. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó bu iyọ̀ fún un. Ìyẹn náà là á lọ́yẹ nípa Àjàlá. Nígbà tó san gbèsè Àjàlá, bàbá yẹn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà tó sá pamọ́ sí, ó mú ọ̀pá irin, ó ń lu orí wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀kan fi dún gbọnmọ, ìyẹn ló fún Afùwàpẹ́.

Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bi í níbi tó ti yan tirẹ̀. Ilé kan náà ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn a ní kádàrá ni. Èmi ò gbà tán: ẹnì kan ṣoṣo ló bi oníbodè léèrè.

Mo wá sọ fún ìyá náà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti yunifásítì. Ọdún 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn (UI) sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, 1962 ló tó dá dúró. Yunifásítì Lead City, nítòsí Toll Gate ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ọjọ́ orí àti ọ̀dà ara ògiri, dídán ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pá irin ni àyẹ̀wò NUC, àjọ tó ń ṣàbójútó yunifásítì, wọ́n sì ń lu ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ̀kọ́ òfin tún ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà ní tirẹ̀. Oníbodè ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ láti kíláàsì. Ẹ ra gúgúrú fún un, kí ẹ bi í bóyá olùkọ́ ń wá. (Iyọ̀ nìyẹn. Owó ilé-ìwé, gbèsè mìíràn ni.) Kí ẹ sì tètè ṣe é o, nítorí ẹni tó bá fẹ́ UI gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ipò kìíní nínú fọ́ọ̀mù JAMB.

Ìyá náà ò fèsì. Ó mú ẹyin méjì nínú kíréètì, ó fi wọ́n kan ara wọn létí, ó sì yọ ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Èyí ti sán," ló wí.