Kí Ló Wo Ibà Náà Sàn?

Ẹni tí ibà bá dé bá ní Kétu, l'Èkó, lè yà sí kẹ́míìsì, kí ó ra òògùn tí gbòǹgbò rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ge Hong, oníṣègùn ọ̀rúndún kẹrin, ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n rẹ ewéko qinghao sínú omi, kí wọ́n fún oje rẹ̀ mu. Kò ní kí wọ́n sè é. Ohun tí Tu Youyou, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Ṣáínà, kíyè sí nìyẹn: ó yẹra fún ooru púpọ̀, ó rí artemisinin, èròjà tó ń pa kòkòrò ibà, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Síbẹ̀, kòkòrò ibà kọ́ ni oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà ń wá. Ó ń wo ahọ́n, ó ń fetí sí ohùn, ó ń fi ìka mẹ́ta kan iṣan ọrùn ọwọ́, láti mọ̀ bóyá yin àti yang, agbára méjì tó tako ara wọn, dọ́gba.

Alágbo Mile 12 náà ní ìbéèrè tirẹ̀: ṣé ẹnu ń korò, ṣé ìtọ̀ pọ́n? Lẹ́yìn náà ni dógóyárò àti orúwọ yóò wọ ìkòkò. Bí àìsàn bá ṣe agídí, ó di ọ̀ràn babaláwo, ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti odù 256. Ìbéèrè á wá yí padà, láti orí "kí ló ń ṣe é?" sí "kí ló dé tó fi jẹ́ òun?"

Pierre Verger, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu (ti Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe ti Èkó), fi hàn nínú ìwé rẹ̀, Ewé, ní 1995 pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ inú ọfọ̀ máa ń bá ara wọn ró. Ilé àyẹ̀wò yóò gba ewé, yóò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bí Tu ti fi yin àti yang sílẹ̀. Òótọ́ ni pé òṣùwọ̀n ewé kò lè wọn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ ló wo ibà.

Aláìsàn fúnra rẹ̀ ti mu ife àgbo, ó ti lo hóró òògùn mẹ́rin lé e. Ó ní àdúrà pásítọ̀ ló ṣiṣẹ́.