Àlejò Tó Ń Ra Omi Mu

Ní oṣù kẹfà ọdún 1934, ní ìlú Buena Park ní ìpínlẹ̀ California, obìnrin kan tó ń jẹ́ Cordelia Knott din adìẹ, ó bù ú sínú àwọn abọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì tà á fún èèyàn mẹ́jọ. Sẹ́ǹtì 65 ni abọ́ kan. Oko èso ni òun àti Walter ọkọ rẹ̀ ń dá. Ayé le nígbà náà, owó kò sí lóde, adìẹ yìí sì jẹ́ ọ̀nà láti fi kún owó ilé. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìlà àwọn tó fẹ́ jẹ adìẹ náà gùn débi pé Walter bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí wọn yóò máa wò bí wọ́n ti ń dúró. Ní ọdún 1940, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwòṣe ìlú àtijọ́ kan tó ti dahoro, kí ìdúró má baà sú wọn. Bí Knott's Berry Farm ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ọgbà ìgbafẹ́ nìyẹn.

Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, oúnjẹ ni ọjà, eré ni èènì. Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Eré la bá wá, a sì ti sanwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí a bá wọlé tán ni ebi ń rántí wa. Ìgbà yẹn la máa ń rí i pé búrẹ́dì àti ẹran tí a mọ iye rẹ̀ níta ti gun òkè, pé omi inú ike tí a lè rà ní páálí lọ́jà ti di ohun tí à ń ṣírò kí a tó mu ún. Ni ìbéèrè bá dé: ṣé oúnjẹ yìí tó iye tí wọ́n ń tà á?

Lójú tiwa, ìbéèrè méjì ló wọ ẹ̀wù kan ṣoṣo yìí. Èkíní jẹ́ ti ẹnu: ṣé ó dùn tó bẹ́ẹ̀? Èkejì jẹ́ ti ìwà: ṣé ó tọ́ láti tà á bẹ́ẹ̀? A máa ń dáhùn èkíní ká sì rò pé a ti dáhùn èkejì. Ẹnì kan á ní adìẹ náà kò níyọ̀, nítorí náà wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹlòmíràn á ní ó dùn mọ́ òun lẹ́nu, nítorí náà kò sí ìrẹ́jẹ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ lè dùn kí iye rẹ̀ má tọ́, ó sì lè má dùn kí ẹni tó tà á má jẹ̀bi nǹkan kan ju pé kò mọ ọbẹ̀ sè.

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu olóúnjẹ ná. Yóò ní kì í ṣe ẹran àti búrẹ́dì nìkan la rà. A ra àga tí a jókòó lé, a ra ibòji nínú oòrùn, a ra atẹ́gùn tútù, a ra owó oṣù ẹni tó ń nu tábìlì lẹ́yìn wa. Yóò ní ọjà ìgbafẹ́ ni, kì í ṣe oògùn, kò sẹ́ni tó máa kú tí kò bá débẹ̀. Yóò tún fi kún un pé ohun tó wu ni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni: ẹni tí ń ra aṣọ ẹbí lówó iyebíye, tí yóò wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ló fẹ́ sọ fún ẹni tó ra itan tòlótòló lówó gọbọi níbi tí inú rẹ̀ ti ń dùn?

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Owó tí a bá fi ra ayọ̀ kì í ṣe òfò. Bí olóúnjẹ bá dúró síbẹ̀ yẹn, a ò ní bá a jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí sí ọwọ́ òsì ni ti ọgbà tó yí wa ká. Nínú ọjà tiwa, a kì í kọ iye sára tòmátì. Àárín ẹnu ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ni iye ti ń jáde. Ìyá alátà á dá iye lé e, a ó dá tiwa, a ó ṣe bí ẹni tó ń lọ, á ní, "Oníbàárà mi, ẹ padà wá, èló lẹ fẹ́ san gan-an?" Ohun tó jẹ́ kí iye tí a jọ fẹnu kò lé lórí tọ́ ni pé a lè lọ lóòótọ́. Ẹsẹ̀ wa ni agbára wa. Bí ẹsẹ̀ kò bá lè yà, ìnájà ti parí, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Ẹ wá wo Magic Kingdom ní Walt Disney World, ní ìpínlẹ̀ Florida, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971. Adágún omi ńlá kan wà láàárín ibi tí àlejò ń gbé ọkọ̀ sí àti ẹnu ọ̀nà ọgbà náà. Ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba òkè lọ ni wọ́n fi ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ibẹ̀. Bí ọmọ yín bá ní ebi ń pa òun ní aago kan ọ̀sán, tí ẹ sì fẹ́ lọ jẹun níbi tí owó rẹ̀ kò ti pọ̀, ẹ ní láti sọdá padà, kí ẹ wá ọkọ̀ yín, kí ẹ wà á jáde, kí ẹ tún padà gba gbogbo ọ̀nà yẹn wọlé. Ta ló máa ṣe é? Nítorí náà kò sí "mò ń lọ" lẹ́nu wa mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tà nínú ọgbà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè ní ṣebí inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ l'Ékòó náà kọ́ la há sí, tí a sì ń ra gúgúrú àti omi? Bẹ́ẹ̀ ni, a há. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́wàá ló ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú omi tútù lórí, bí ọ̀kan bá gbówó lé e, èkejì ti na ọwọ́ sí ojú fèrèsé. Híhá nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ni kí a há sọ́dọ̀ ẹyọ oníṣòwò kan, kó sì jẹ́ òun náà ló mọ ọgbà yí wa ká. Ilé oúnjẹ adìẹ ti ìyá Knott ṣì wà títí di òní, ẹ̀yìn ògiri ọgbà ló sì wà, ẹni tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì lè jẹun níbẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n tó fi ọgbà yí ibi ìṣeré ká tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìwọlé. Oúnjẹ tó bá wà ní ẹ̀yìn ògiri gbọ́dọ̀ fi adùn fa èèyàn mọ́ra, torí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níwájú oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn wá ju ti owó lọ. Ní Disney, wọn kì í pe ẹni tó sanwó wọlé ní oníbàárà. "Guest" ni wọ́n ń pè é: àlejò. Ọ̀rọ̀ ńlá lèyí létí Yorùbá. Oníbàárà ni à ń tajà fún, a kì í tajà fún àlejò. Bí àlejò bá wọlé, kó tó sọ ohun tó bá wá, a ti bu omi fún un. A lè má ní ẹran nílé, a lè má ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n omi kò ní wọ́n. Ẹni tó bá pe èèyàn ní àlejò tó wá ta omi fún un ti da ilé pọ̀ mọ́ ọjà, kí ó lè jẹ èrè méjèèjì: ìfẹ́ tí àlejò ní sí onílé, àti owó tí oníbàárà ń san fún ọlọ́jà.

Ká má purọ́ mọ́ wọn o. Ní Disney World, ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé oúnjẹ tí a ti ń dúró rà lórí káńtà lè gba ife omi tútù lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n sì gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé, bí kò bá ti sí nínú ìgò, tí kò sì nílò kí a gbé e kaná. Ìwà tó dáa nìyẹn, ó sì sàn ju ti àwọn ibi ìgbafẹ́ kan nílẹ̀ wa tí wọ́n ti ń tú báàgì ìyá ọlọ́mọ wò, tí wọ́n á sì yọ bísíkíìtì inú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n omi tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n béèrè nìkan ló ń rí i, ta ni kì í rí i? Ẹni tó wá fún ìgbà àkọ́kọ́ ni, ẹni tí èdè kò yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni, ẹni tó ń tijú ni. Àwọn tó yẹ kí á kọ́kọ́ bu omi fún ni wọ́n ń rà á.

Àwọn kan máa ń ní kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é, pé iṣẹ́ náà kò ní pé bí oúnjẹ kò bá wọ́n. Ohun tí a fojú rí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní abúlé kan tó ń jẹ́ Santa Claus ní ìpínlẹ̀ Indiana, ọgbà ìgbafẹ́ Holiday World ti ń fún gbogbo ẹni tó bá wọlé ní mínírà lọ́fẹ̀ẹ́, bó ṣe wù ú kó mu tó, láti ọdún 2000. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Knoebels tó ti wà láti 1926 kì í gba owó ẹnu ọ̀nà rárá. Eré tí o bá gùn lo máa sanwó rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ lè wọlé kó kàn jẹun kó máa lọ. Oúnjẹ wọn sì lókìkí. Pápá ìṣeré Mercedes-Benz Stadium ní Atlanta kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n èrò ń há síbẹ̀ bákan náà. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2017, dọ́là méjì ni hot dog, dọ́là méjì ni mínírà tí wọ́n á tún rọ fún ọ bó bá tán. Kàkà kí owó tí olùwòran kọ̀ọ̀kan ń ná dín kù, ńṣe ló lé sí i ju ti pápá àtijọ́ lọ.

A mọ̀ pé mínírà Holiday World kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá, inú owó tíkẹ́ẹ̀tì ló wà. Kókó ọ̀rọ̀ wa gan-an nìyẹn. Iye tí wọ́n sọ fún wa lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ojú wa ṣì dá, tí a lè ní "ó ti wọ́n jù, ẹ jẹ́ ká lọ sílé," kò rí bákan náà pẹ̀lú iye tí wọ́n sọ fún wa nígbà tí òùngbẹ ti ń gbẹ ọmọ. Owó náà lè jẹ́ ọ̀kan. Àkókò tí wọ́n sọ ọ́ ló yàtọ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dúró kí ebi wọnú wa tán kó tó dá iye lé ọjà, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta wá lára jù ni ti òbí tó fi ọdún kan gbáko tọ́jú owó ìrìn àjò kan. Ó ti san ti ọkọ̀ òfuurufú, ó ti san ti òtẹ́ẹ̀lì, ó ti san ti ẹnu ọ̀nà. Ọmọ wá nàka sí áísìkiriìmù tó ní etí eku. Gbogbo ọmọ tó kù ló mú un lọ́wọ́. Ohun tí bàbá yẹn fẹ́ rà nígbà náà kì í ṣe áísìkiriìmù, ojú ara rẹ̀ ló fẹ́ rà padà, kí ó má baà jẹ́ pé òun ni yóò sọ "kò sí" níbi tí gbogbo ayé ti ń sọ "ó wà". Ẹni tó ta á fún un mọ̀ pé ìtìjú bàbá náà wà nínú iye náà.

Àwa Yorùbá tó wà l'Ámẹ́ríkà ní oògùn kan fún un. Ilé là á ti kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. A ó ti se jọ̀lọ́ọ̀fù lóru, a ó din dòdò, a ó kó o sínú kúlà kékeré, pẹ̀lú omi dídì nínú ike tí yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ti ń mú. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbẹ̀ a máa fẹ́ sá pamọ́: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i níbí." Ẹ ṣí i níbẹ̀. Ahun kọ́ ni ẹni tó gbé oúnjẹ dání. Ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ padà ni. Ó tún lè ní "mò ń lọ", bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kúrò lórí àga.

Ẹni tó bá ti yó lè wá rajà bí ọmọlúàbí. Ó lè wo ohun tí kò sí níbòmíràn, kó yan ọ̀kan: áísìkiriìmù ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Dole Whip ní Disney, tàbí nǹkan tí wọ́n fi èso boysenberry ṣe ní Knott's, níbi tí Walter ti sọ èso náà di olókìkí. Kí ìdílé jókòó, kí wọ́n jọ lá a, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ owó mọ́. Èyí tó owó rẹ̀, kódà bó bá wọ́n, nítorí pé ó wù wọ́n ni wọ́n ṣe rà á, ebi kọ́ ló rà á fún wọn.

Ìdáhùn tiwa nìyí, pé ẹni tó lè fi í sílẹ̀ ni oúnjẹ náà lè tó owó rẹ̀ fún. Ẹni tí kò lè fi í sílẹ̀, bó dùn bí oyin, iye rẹ̀ kò tíì tọ́. Ẹni tó bá sì ń wá ọgbà tí yóò kó ẹbí lọ ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí ó tó béèrè eré tó wà níbẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè pé bí ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bá dúró níwájú káńtà ní ọ̀sán gangan, tó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, kí ni wọn yóò bù fún un?