Nítorí Ta Li A Ṣe Ń Ṣọ́ Ìlú?

Ìbéèrè kan wà tí àwa fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ àwọn olùkọ́, bá wa gbé yẹ̀wò lóṣù yìí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ràn ìlú kékeré tí ó ń gbé, tí ó fẹ́ràn oko tí ó yí i ká, àti ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, àti bí olúkúlùkù ti mọ aládùúgbò rẹ̀ li orúkọ, tí ó sì rí i pé ìlú ńlá ń ràn bọ̀ wá bá a bí iná ọyẹ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó du ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú, kí ó lè fi òfin dá a dúró bí ó ti wà?

Àwọn kan yóò dáhùn kíákíá pé olóòótọ́ ènìyàn kò ní ohun tí í ṣe nínú òṣèlú. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun ó wọ́. Ẹ rántí àlọ́ tí Jótámù pa fún àwọn ará Ṣékémù: igi ólífì kọ̀ láti jọba, igi ọ̀pọ̀tọ́ kọ̀, àjàrà kọ̀, igi ẹ̀gún sì gbà á. Bí ẹni tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ bá kọ ipò sílẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ tà á ni yóò gbà á. Nítorí náà, dídu ipò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ohun tí a ó fi ipò náà ṣe, àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà ni ọ̀ràn yìí ti hàn gbangba, nítorí pé níbẹ̀, ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìlú kékeré li agbára wà láti sọ irú ilé tí a lè kọ́ sórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti bí ilẹ̀ ilé kan yóò ti fẹ̀ tó. Àgbẹ̀ tàbí olùkọ́ tí ìbò díẹ̀ gbé wọlé lè pinnu ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò máa sùn. Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú méjì tí ilé ẹjọ́ dá ọ̀ràn wọn li ọdún kan náà, 1975.

Èkíní ni Petaluma, ní ìhà àríwá San Francisco ní ìpínlẹ̀ California, ìlú tí ó ti lókìkí tipẹ́ nítorí adìẹ àti ẹyin. Nígbà tí àwọn ará ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ lọ síbẹ̀, ilé ń pọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ sì ń kún àkúnya. Li ọdún 1972 ìgbìmọ̀ ìlú náà pàṣẹ pé ilé titun tí àwọn akọ́lé ńlá yóò kọ́ kò gbọdọ̀ ju 500 lọ lọ́dọọdún. Àwọn akọ́lé pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì kọ́kọ́ jàre. Ṣùgbọ́n li ọdún 1975 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ìlú láre. Ẹ kíyèsí èyí pẹ̀lú: nínú ètò kan náà, a pa á láṣẹ pé nínú 100 ilé, 8 sí 12 gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn kò pọ̀. Wọ́n ṣe ọgbà, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn sí i.

Èkejì ni Mount Laurel ní New Jersey, tí kò jìnnà sí Philadelphia. Ìlú àgbẹ̀ ni. Ènìyàn 2,817 li ó wà níbẹ̀ li ọdún 1950, ṣùgbọ́n li ọdún 1970 wọ́n ti di 11,221. Òfin ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ilé mìíràn láyè bí kò ṣe ilé onídìílé kan, tí ó dá dúró lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀ tí àwọn baba ńlá wọn ti ń gbé ibẹ̀ láti ìran dé ìran. Díẹ̀ nínú wọn ń gbé inú ilé adìẹ tí a tún ṣe di ilé ènìyàn. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé 36, ìgbìmọ̀ kọ̀. Li ọdún 1970 olórí ìlú náà wí fún wọn nínú ilé ìjọsìn wọn pé ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a láti gbé ìlú náà, kí ó jáde lọ.

Arábìnrin Ethel Lawrence àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ li ọdún 1971. Li ọdún 1975 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti New Jersey dá a pé ìlú kan kò gbọdọ̀ fi òfin ilẹ̀ ti tálákà sóde. Síbẹ̀, ọdún 2000 ni ayálégbé àkọ́kọ́ tó wọ inú àwọn ilé tí a fi orúkọ obìnrin náà pè. Òun fúnra rẹ̀ ti kú li ọdún 1994. Nígbà tí Douglas Massey ti yunifásítì Princeton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé ìwádìí wọn jáde li ọdún 2013, wọn kò rí i pé àwọn ilé wọ̀nyí mú ìwà ọ̀daràn pọ̀ sí i, tàbí pé wọ́n dín iye owó ilé àwọn aládùúgbò kù.

Ìgbìmọ̀ méjèèjì li ó lè wí pé àwọn ń ṣọ́ ìlú àwọn. Níbo, nígbà náà, ni ìyàtọ̀ wà? Ẹni tí kò ní ipò a máa fi owó ara rẹ̀ ra ohun tí ó fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dé ipò lè mú kí ẹlòmíràn san án, àní ẹni tí kò dìbò fún un, tí kò tilẹ̀ ní ilẹ̀. Ní Mount Laurel, àwọn tí ń gbé ilé adìẹ li ó san owó ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń gbádùn. A kò sì lè wí pé oko li a fi èyí gbà là. Nítorí ilé tí ó gba ilẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ a máa jẹ oko run ju ilé tí a kọ́ súnmọ́ra lọ.

Ẹnì kan lè bi wá pé: Ǹjẹ́ onílé kò lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀? Ó lè tì í. Ṣùgbọ́n ìlú kì í ṣe yàrá ẹnì kan. Àwọn tí a ń tì sóde sì lè jẹ́ ọmọ inú ilé.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ràn oko du ipò. Àwa kì yóò dá a lẹ́kun. Kí ó sọ ilẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Kí ó sì sọ, lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí alágbàṣe tí ń ro oko náà yóò máa gbé. Bí ó bá lè sọ ti èkíní, ṣùgbọ́n tí ó dákẹ́ ní ti èkejì, kì í ṣe oko li ó ń ṣọ́. Àwọn àgbà wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ilẹ̀ kò fẹ̀ tó ojú ọ̀run. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń yan ìgbìmọ̀, kí wọ́n lè fi òdodo wá àyè fún gbogbo wa.