Ẹ̀ṣẹ̀ Wo Ni Ìràwọ̀ Náà Ṣẹ̀?

Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run rí ìràwọ̀ kan tí ihò dúdú (black hole) ń fà ya. AT2019qiz ni wọ́n pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ìràwọ̀ ọ̀hún tó oòrùn wa. Ihò tó pa á wúwo tó nǹkan bí oòrùn mílíọ̀nù kan. Ìmọ́lẹ̀ ikú rẹ̀ rìn fún nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 215 kó tó kàn wá lára.

Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Ìlá, torí físíìsì ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyá àgbà kan ní, “Tíṣà, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ládùúgbò wa, ikú kì í ṣàdédé wá. Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn ní Ìjìgbò láàárọ̀, kó tó dalẹ́ a ó ti mọ ohun tó ṣe, tàbí ẹni tó wà nídìí rẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, ó sún mọ́ ihò náà jù ni.” Apá tó kọjú sí ihò ni òòfà rẹ̀ ń fà jù, ti ẹ̀yìn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló fà á gùn bí iyán tó yi, títí ó fi já. Nǹkan bí ìdajì padà wá yí ihò ká, ó gbóná, ó ràn. Ìyókù fò lọ, kò ní padà mọ́. Onímọ̀ ojú ọ̀run kan, Martin Rees, ti ṣàlàyé èyí lọ́dún 1988.

Ìyá ò gbà. “Ta ló tì í débẹ̀?”

Ìdáhùn ìyẹn ló dà mí láàmú: àwọn ìràwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n pọ̀ jọ nítòsí ihò náà. Bí wọ́n ti ń kọjá lára ara wọn, wọ́n ń fa ara wọn kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀kan yóò fi kọrí síbi ikú.

“Ṣé ẹ rí i? Ayé ni!”

Ṣùgbọ́n ayé tibẹ̀ ò ní inú burúkú. Kálukú ń bá tirẹ̀ lọ ni. Nínú Bíbélì, àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà jókòó tì í, wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri. Nígbà tí Ọlọ́run dáhùn, ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ wà lára ohun tó bi Jóòbù. Àwọn ọ̀rẹ́ yẹn ló bínú sí. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n wàásù ibẹ̀ níbi ìsìnkú rí o.

Àwọn ihò kan wà tó wúwo ju oòrùn mílíọ̀nù 100 lọ. Odindi ni irú wọn ń gbé ìràwọ̀ bíi tiwa mì, láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni lè rí. Sáàmù 147 ní Ọlọ́run mọ gbogbo ìràwọ̀ lórúkọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé ó mọ orúkọ èyí tí ihò gbé mì náà, kò sì yọ ọ́. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé ìyẹn fún mi, kó máa bọ̀ nílé, ṣùgbọ́n kó má fi ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.